Ní Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Òòfà

Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n gba irin lọ́wọ́ ènìyàn.
Òrùka, kọ́kọ́rọ́, bẹ́líìtì, píìnì inú gèlè,
abẹ kékeré tí àgbàlagbà fi ń gé èékánná,
ohun gbogbo tí òòfà lè já gbà
kí ó sì sọ ọ́ di ọ̀kọ̀ nínú afẹ́fẹ́.
N óò kó o sínú abọ́ ike, n óò kọ orúkọ sí i.
Ní Iléṣà yìí, èmi ni oníbodè tí kì í gba owó.

Bàbá Àlùkò dé ní aago méje àárọ̀,
ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
òṣómàáló tó fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé aṣọ àwìn
láti Òkèṣà títí dé Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọkàn rẹ̀ ti di ajigbèsè láti bí ọdún méjì:
á san lẹ́ẹ̀kan, á fo ẹ̀ẹ̀mejì,
á san mẹ́rin pọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé,
á wá dákẹ́, á gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.
Àlùkò ń pa ìyẹ́ nínú àyà Àlùkò.

Ó bọ́ aago. Ó bọ́ òrùka, ìyẹn pẹ́ díẹ̀.
Ó fi ìka kan eyín wúrà ẹnu rẹ̀.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà, bàbá. Òòfà ò mọ wúrà."
Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rọ tó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ò mọ wúrà!"
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọ́ka sí ìwé àpò rẹ̀,
ìwé gbèsè tí píìnì irin dì lẹ́yìn,
ẹ̀rín tán.
Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ìwé náà ò tíì sùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo ń wò wọ́n láti ojú gíláàsì.
Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbà-gbà-gbà
bí ẹni ń kan páànù ní ọ̀sán gangan.
Dókítà Fásuyì tẹ̀ ba sí ẹnu ihò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lóṣòó.
Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní irin nínú
gba iṣan itan wọlé, ó ń gòkè
bí àlejò tó mọ ilé tó ń lọ.
Láyé ẹ̀sìréè, òjìji okùn la máa ń rí,
ọkàn fúnra rẹ̀ á farasin, a ó máa fura.
Lónìí ẹran ọkàn hàn: ògiri rẹ̀, yàrá rẹ̀,
ilẹ̀kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣí tó ń tì,
àti kọ̀rọ̀ tí ajigbèsè ọ̀hún sá pamọ́ sí.

"Bàbá, ẹ mí sínú. Ẹ dì í mú."
Iná díẹ̀, kò tó ti ìṣáná.
Wọ́n tún ya àwòrán. Ojú iná ti funfun,
àlàfo kan ló kù, kò ju ìbú irun lọ,
ibẹ̀ náà ni ọkàn tún gbà jáde.
"Ẹ jẹ́ ká padà sí i." Dókítà ò gbé ohùn sókè.

Iná ìjọba ṣẹ́jú. Jẹnẹrétọ̀ gbà á.
Gbogbo wa di èémí mú láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ̀bi: mo ṣí ìwé náà.
Àbẹ̀ní alágbẹ̀dẹ, ọ̀pá méjì, ṣílè mẹ́rin. Ó san.
Láòyè atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ṣílè méje.
Kò sí "ó san" níwájú rẹ̀,
àmì kan péré, roboto, bí ojú abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìlà orí ẹ̀rọ ti gún:
ó san, ó san, ó san,
kò fo ọjọ́ kankan.

Wọ́n tì í jáde. Ó fi ahọ́n kan eyín rẹ̀ ná.
"Ẹ ti pẹ́ tó lórí ọ̀rọ̀ mi?"
"Wákàtí mẹ́rin, bàbá. Ẹ má bínú."
"Mẹ́rin kẹ̀?" Ó di ojú.
"Mo lóṣòó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́
lẹ́nu ọ̀nà Láòyè, nítorí ṣílè méje.
Òjò pa mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé ẹ̀kọ gbígbóná jáde."
Ó na ọwọ́ sí abọ́ mi.
"Òrùka mi dà?"